Ọkọ̀ Òfúrufú Tí Kò Ní Awakọ̀: Ikú Ti Di Olówó Pọ́ọ́kú

Mo bẹ̀ yín, ẹ wo àwòrán tí ó wà ní ojú ewé yìí dáadáa. Níbi wọ́límà ni wọ́n ti yà á, ní ìlú wa Ìpè-Àkókó, ní ọjọ́ tí àwọn ọmọ ilé kéwú wa 9 parí Àlùkùránì. Èmi náà wà nínú àwòrán náà. Ẹ wò ó bí ẹ ó bá rí mi.

Ẹ kò lè rí mi. Èmi fúnra mi kò rí ara mi nígbà tí ọmọkùnrin tí ó yà á fi hàn mí. Ohun tí mo rí kò ju àmì funfun róbótó-róbótó lọ, tí ó kún àgbàlá ilé kéwú. Fìlà àti láwàní ni gbogbo rẹ̀. Lèmọ́mù wà níbẹ̀, ọmọ ọdún 7 wà níbẹ̀, alágbe tí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n láti òkè, bákan náà ni gbogbo wọn rí. Ọmọkùnrin náà kò gun igi, kò sì gun òrùlé. Dróònù ni ó fi yà á, ohun kékeré abiyẹ́ mẹ́rin tí kò fẹ̀ ju àwo oúnjẹ lọ, tí ó ń kùn bí agbọ́n lókè orí wa, tí òun sì ń fi ohun kan tí ó mú lọ́wọ́ darí láti ìsàlẹ̀. Àwọn ọmọdé ń sáré tẹ̀lé e, àwọn ìyá wa sì ń fa ìborùn wọn bojú.

Mo bá wọn rẹ́rìn-ín ní ọjọ́ náà. Nígbà tí mo délé, ẹ̀rín náà kò dùn lẹ́nu mi mọ́, nítorí pé mo rántí Tudun Biri.

Abúlé kan ni Tudun Biri, ní ìjọba ìbílẹ̀ Igabi, ní ìpínlẹ̀ Kaduna. Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 3, oṣù Kejìlá, ọdún 2023, àwọn ará abúlé náà pé jọ, wọ́n ń ṣe Mọ̀lúdì Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a. Obìnrin wà níbẹ̀, ọmọdé wà níbẹ̀. Dróònù àwọn ọmọ ogun orílẹ̀-èdè wa wà lókè, ó ń wá àwọn agbébọn tí ó ń yọ àgbègbè náà lẹ́nu. Wọ́n rí èrò tí ó kóra jọ lóru, wọ́n rò pé àwọn tí àwọn ń wá nìyẹn, wọ́n sì ju àdó olóró lù wọ́n. Àwọn tí ó yè sọ pé nígbà tí ènìyàn sáré wá láti gbé àwọn tí ó farapa, èkejì tún já lé wọn lórí. Òkú 85 ni àjọ NEMA sọ pé wọ́n sin. Ọ̀gá àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ nígbà náà, Ọ̀gágun Taoreed Lagbaja, ọmọ Ìlobùú ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ẹni tí ó ti dolóògbé ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024, fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé abúlé náà, ó sì tọrọ àforíjì. Ó ní àṣìṣe ni. Ní ọdún 2024, iléeṣẹ́ ológun kéde pé ọmọ ogun 2 ni yóò jẹ́jọ́ lórí ọ̀rọ̀ náà.

N kò kọ èyí láti bú àwọn ọmọ ogun wa. Inú ìgbẹ́ ni wọ́n ń sùn kí àwa lè sùn nínú ilé, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì padà wálé mọ́. Ohun tí ó ń gbé mi lọ́kàn ni pé ẹni tí ó ju àdó náà kò sí ní Tudun Biri rárá. Ibòmíràn ni ó jókòó sí. Kò gbọ́ ohùn àwọn tí ń yin Ànábì. Àwòrán ni ó ń wò, àwòrán kì í sì í jẹ́ kíkí. Bí ó bá ṣe pé jagunjagun ẹlẹ́sẹ̀ ni ó dé ẹnu ọ̀nà abúlé yẹn lálẹ́ ọjọ́ náà, wọn ì bá kí i ní sàláámà, òun náà ì bá sì mọ irú ibi tí òun dé.

Ẹ má rò pé irú dróònù tí ìjọba ń lò yìí ni ó pọ̀ jù láyé. Ti olówó ni tirẹ̀. Èyí tí àwọn Amẹ́ríkà ń pè ní Reaper, ọ̀kan ṣoṣo rẹ̀ tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 30 dọ́là. Òun ni ìjọba wa sọ pé wọ́n lò ní alẹ́ ọjọ́ 25, oṣù Kejìlá, ọdún 2025, nígbà tí Amẹ́ríkà kọlu àwọn agbésùnmọ̀mí ní ìpínlẹ̀ Sokoto. Àfọ́kù ohun ìjà náà já sí Jabo ní Sokoto lọ́hùn-ún, ó sì já sí Ọ̀fà, ní ilẹ̀ Yorùbá níhìn-ín, nítòsí ilé ìtura kan. A dúpẹ́ pé kò pa ẹnikẹ́ni. Ní ìgbà kan rí, àwọn orílẹ̀-èdè olówó nìkan ni ó lè ja irú ìjà bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó ti yí padà ni pé iye owó tí a fi ń pa ènìyàn láti òfúrufú ti já wálẹ̀ bí owó gàárì ìgbà tí ẹ̀gẹ́ bá ta dáadáa lóko.

Ogun Rọ́ṣíà àti Ukraine ni ó fi í han gbogbo ayé. Ní ọjọ́ 24, oṣù Kejì, ọdún 2022, Rọ́ṣíà wọ Ukraine pẹ̀lú táńkì àti ọkọ̀ òfúrufú bí eéṣú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọjọ́ mélòó kan ni ìjà náà yóò gbà. Ṣùgbọ́n àwọn ará Ukraine mú irú dróònù tí ọmọkùnrin wa fi ya wọ́límà, wọ́n so àdó kékeré mọ́ ọn lábẹ́. Ẹni tí ń darí rẹ̀ a de awò dúdú mọ́jú. Ohun tí kámẹ́rà dróònù náà bá rí ni òun náà yóò máa rí, bí ẹni pé òun gan-an ni ó ń fò. Yóò wá táńkì kiri títí yóò fi rí i, yóò sì darí dróònù náà wọlé sí ibi tí irin táńkì náà ti fẹ́lẹ́. Dróònù bẹ́ẹ̀ kò ju nǹkan bíi 400 tàbí 500 dọ́là lọ. Ọ̀kadà tuntun gbówó lórí jù ú lọ. Táńkì tí ó sì fi ṣòfò, mílíọ̀nù lọ́nà mílíọ̀nù dọ́là ni. Ní ọdún 2024 nìkan, Ukraine ṣe ju mílíọ̀nù 1 lọ nínú wọn.

Rọ́ṣíà náà kò káwọ́ gbera. Wọ́n mú irú èyí tí àwọn ará Ìráànì kọ́kọ́ ṣe, tí ń jẹ́ Shahed, wọ́n sì ń rọ tiwọn. Eléyìí kì í ṣe ohun kékeré: ó wúwo tó nǹkan bíi 200 kìlò, ó lè fò ju 1,000 kìlómítà lọ, ariwo rẹ̀ sì dà bí ti ọ̀kadà tí sàlẹ́ńsà rẹ̀ ti bọ́. Àwọn tí ó mọ̀ nípa rẹ̀ fojú bù ú pé ọ̀kan ń náni tó 20,000 sí 50,000 dọ́là. Ọta Patriot tí Amẹ́ríkà ṣe, tí a lè fi já irú ohun bẹ́ẹ̀ lulẹ̀, ọ̀kan rẹ̀ ju mílíọ̀nù 3 dọ́là lọ. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Ẹni tí ń fi mílíọ̀nù 3 já 50,000 lulẹ̀, bí ó tilẹ̀ ń borí lójoojúmọ́, gbèsè ni yóò mú un balẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, nǹkan bíi dróònù 20 láti ọ̀dọ̀ Rọ́ṣíà ré kọjá wọ ilẹ̀ Póláǹdì, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àti fóòmù lásán. Ọkọ̀ òfúrufú ogun tí ó gbówó lórí gan-an ni wọ́n gbé dìde láti lọ yìnbọn lù wọ́n.

Ní ọjọ́ 1, oṣù Kẹfà, ọdún 2025, Ukraine tún dá irú ọgbọ́n kan. Wọ́n kó dróònù 117 sínú ilé pákó tí wọ́n gbé sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù, àwọn ọkọ̀ náà sì rìn ojú ọ̀nà Rọ́ṣíà bí ẹni pé ọjà ni wọ́n rù. Nígbà tí àkókò tó, òrùlé ṣí, àwọn dróònù náà fò jáde, wọ́n sì dáná sun àwọn ọkọ̀ òfúrufú ńláńlá tí Rọ́ṣíà fi ń ju àdó. Ọ̀kan nínú àwọn pápá ọkọ̀ òfúrufú tí wọ́n kọlù wà ní Siberia, tí ó jìnnà sí Ukraine tó 4,000 kìlómítà àti jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí mo sọ èyí fún àwọn ọ̀dọ́ wa lẹ́yìn ìrun Ìṣáì, ọ̀kan nínú wọn fò sókè. Ó ní, “Ààfáà, ẹyẹ Abábílù rè é o!” Gbogbo ọmọ kéwú ni ó mọ ìtàn náà: Abraha kó erin wá láti wó Kááḅà, Ọlọ́hun sì rán àwọn ẹyẹ kéékèèké sí i tí ó mú òkúta lẹ́nu àti lẹ́sẹ̀, wọ́n sì pa àwọn ọmọ ogun elérin náà run. Inú ọmọ náà dùn pé ohun kékeré lè borí ohun ńlá. N kò bá a dùn. Àwọn ẹyẹ ti Abraha mọ orí ẹni tí a rán wọn sí. Ẹyẹ ti ayé ìsinsìnyí kò mọ̀ ju ohun tí ẹni tí ń darí rẹ̀ mọ̀ lọ, ẹ sì ti gbọ́ ohun tí ẹni náà rí ní Tudun Biri.

Yàtọ̀ sí èyí, àwa ará ilẹ̀ yìí ti rí irú rẹ̀ rí. Nígbà ogun Kírìjí, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1877, ìbọn ṣakabùlà ni ó wà lọ́wọ́ Ìbàdàn, tí a ń ki ẹ̀tù àti ọta sí láti ẹnu. Àwọn Èkìtìparapọ̀, tí àwa Àkókó wà lára wọn, ní ọmọ wọn ní Èkó, àwọn ọmọ náà sì ń fi ìbọn òyìnbó ránṣẹ́, irú èyí tí a ń ki ọta sí láti ìdí, tí ó ń yára yìn, tí ó sì ń dé ọ̀nà jíjìn. Ẹ̀rù ba Ìbàdàn. Ẹnikẹ́ni tí ó bá rí i ní ọjọ́ náà ì bá sọ pé ogun ti parí nìyẹn. Àmọ́ Ìbàdàn náà lọ wá irú ìbọn náà rà. Láti ìgbà náà lọ, kò sí ẹni tí ó lè lé ẹnì kejì lọ. Ogun di ti inú bùdó, ọdún ń yí lu ọdún. Ààrẹ Látòósà, Mùsùlùmí bíi tiwa, kú sí bùdó náà ní ọdún 1885, ogun náà kò sì parí pátápátá títí di ọdún 1893. Ọdún 16!

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí ní Ukraine lẹ́yìn tí ìhà méjèèjì ti ní dróònù. Láàárín kìlómítà 10 sí 20 sí ojú ogun, ènìyàn kò lè rìn gbangba ní ọ̀sán kí ojú kan má rí i láti òkè. Ọmọ ogun méjì-mẹ́ta ni ó ń yọ́ rìn, táńkì ń sá pamọ́ sábẹ́ igi. Nígbà tí wọ́n rí ọ̀nà láti fi ẹ̀rọ da ohùn tí ń darí dróònù rú, wọ́n so okùn dígí tín-ín-rín mọ́ ọn, tí yóò máa tú jáde lẹ́yìn rẹ̀ bí ó ti ń fò lọ, bí okùn tí ọmọdé fi ń fa béba tí ń fò. Okùn wọ̀nyí ti wọ́ lu oko wọn bí òwú aláǹtakùn. Ní ìlú Kherson, àwọn dróònù ń lépa àwọn ará ìlú lójú títì, ẹni tí ń lọ ra búrẹ́dì àti ẹni tí ń gun kẹ̀kẹ́; ìgbìmọ̀ aṣèwádìí ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti sọ ọ́ ní ọdún 2025 pé ọ̀daràn sí ọmọ ènìyàn ni ohun tí Rọ́ṣíà ń ṣe níbẹ̀. Ẹ wá wo ohun tí wọ́n fi ń dá ààbò bo ara wọn: àwọ̀n apẹja! Àwọ̀n tí àwọn apẹja Yúróòpù ti lò gbó ni wọ́n ta bo ojú ọ̀nà mọ́tò, kí dróònù lè kọ́ sínú rẹ̀ bí ẹja.

Àwọn àgbà wa sọ fún wa pé nígbà tí ogun Tápà ń da ilẹ̀ Àkókó láàmú, orí àpáta ni àwọn baba ńlá wa sá sí. Ẹṣin kò lè gun òkè Ọ̀kà. Ẹni tí ó wà lókè ń rí ẹni tí ń bọ̀, ó sì lè yí òkúta lù ú. Nítorí òkè wọ̀nyí ni ó ṣe ku àwa. Mo gbójú sókè wo òkè wa ní ọjọ́ wọ́límà yẹn, dróònù ọmọkùnrin náà sì ti ga jù ú lọ.

Bóyá ẹnì kan yóò sọ pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni gbogbo èyí. Rárá o. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, àwọn agbésùnmọ̀mí ISWAP fi dróònù ju àdó lu ibùdó àwọn ọmọ ogun wa ní Wajiroko, ní ìpínlẹ̀ Borno, ọmọ ogun kan sì farapa níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn mìíràn. Kì í ṣe dróònù ọba ni wọ́n lò. Irú èyí tí a ń tà lọ́jà ni. Nítorí rẹ̀ ni àwọn ológun ṣe ka fífò dróònù láìgbàṣẹ léèwọ̀ ní ìhà Àríwá-Ìlà-Oòrùn ní oṣù Kínní ọdún 2025.

Ti Súdáànì ni ó dùn mí jù. Ní ọjọ́ Jímọ̀ọ̀, ọjọ́ 19, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2025, ní ìlú El Fasher ní Darfur, ebi ti há àwọn ènìyàn mọ́ ìlú náà tipẹ́, ogun yí wọn ká. Síbẹ̀ wọ́n jí, wọ́n ṣe àlùwàlá, wọ́n lọ kí ìrun Àsùbá ní mọ́sálásí. Dróònù já lé wọn nínú sààfù. Ju ènìyàn 70 lọ ni ó kú. Àwọn ọmọ ogun RSF tí ó yí ìlú náà ká ni wọ́n di ẹ̀bi rẹ̀ rù. Èmi ni mo ń pe ìrun ní mọ́sálásí wa. Láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́ ìròyìn yẹn, nígbà tí mo bá dìde láti pe Àsùbá, mo máa ń rò nípa ẹni tí ó pè é ní El Fasher ní òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn, tí àwọn ènìyàn sì dá a lóhùn.

Ó wá ku ohun kan tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tí ó bí ọmọbìnrin gbọ́. Ohun ìjà tí ó pọ̀ tó báyìí, ọwọ́ tí yóò rọ ọ́ gbọ́dọ̀ pọ̀. Níbo ni wọ́n ti ń rí ọwọ́?

Ibì kan wà ní Rọ́ṣíà tí ń jẹ́ Alabuga, ní ilẹ̀ Tatarstan. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń to irú dróònù Shahed yẹn. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, àwọn oníròyìn Associated Press kọ ọ́ pé nǹkan bíi ọmọbìnrin 200 ni wọ́n ti kó wá síbẹ̀ láti Uganda, Kenya, Rwanda, Sierra Leone, Nàìjíríà àti àwọn ilẹ̀ mìíràn. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń pè wọ́n. Wọ́n ní àwọn ń fẹ́ ọmọbìnrin tí ó wà láàárín ọdún 18 sí 22. Owó ọkọ̀ òfúrufú, ọ̀fẹ́. Ilé, ó wà. Iṣẹ́, iṣẹ́ ilé oúnjẹ àti irú bẹ́ẹ̀. Kò sí ìdánwò líle: eré orí kọ̀ǹpútà kan àti ọ̀rọ̀ èdè Rọ́ṣíà 100. Nígbà tí àwọn kan nínú wọn débẹ̀, dróònù ni wọ́n ní kí wọ́n máa tò. Wọ́n sọ fún àwọn oníròyìn náà pé iṣẹ́ náà ń pẹ́ jù, pé wọ́n ń ṣọ́ àwọn, àti pé oògùn tí wọ́n ń fọwọ́ kàn ń yún àwọn lára, ó sì ń dá àpá sí àwọn lójú. Ibi tí a sì ti ń rọ ohun ìjà, ọ̀tá kì í gbàgbé ibẹ̀. Ní ọjọ́ 2, oṣù Kẹrin, ọdún 2024, dróònù Ukraine fò ju 1,000 kìlómítà lọ, ó já lu ilé tí àwọn òṣìṣẹ́ náà ń sùn, ó sì ṣe àwọn kan léṣe, ọmọ Áfíríkà wà nínú wọn. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, ìjọba South Africa kìlọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ tiwọn nípa irú iṣẹ́ yìí.

Kí ẹ tó fi ọmọ sílẹ̀, ẹ bi ẹni tí ń pè é léèrè orúkọ ilé iṣẹ́ náà gan-an, ẹ ní kí ó fi ìwé àdéhùn hàn yín ní èdè tí ẹ gbọ́. Ẹ fi lọ àjọ NAPTIP. Nàìjíríà ní iléeṣẹ́ aṣojú ní Moscow. Ẹ lè ti ọ̀dọ̀ wọn béèrè.

Ohun tí ó mú mi kọ gbogbo èyí ni pé bàbá kan wá bá mi láti apá Ìkàrẹ́ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ọ̀ kan. Ó mú fóònù ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́.

“Ààfáà,” ó ní, “ẹ bá mi ka nǹkan yìí. Wọ́n ní wọn yóò fi ọkọ̀ òfúrufú gbé e, wọn yóò kọ́ ọ níṣẹ́, wọn yóò sì máa san owó oṣù fún un.”

Mo kà á. Rọ́ṣíà ni, Tatarstan ni.

“Ẹnì kan sọ fún mi pé Mùsùlùmí pọ̀ níbẹ̀,” ó tún ní. “Ṣé òótọ́ ni? Ṣé mọ́sálásí wà?”

“Òótọ́ ni, Ẹ̀gbọ́n,” mo dá a lóhùn. “Mùsùlùmí ti wà níbẹ̀ láti ìgbà láéláé. Mọ́sálásí pọ̀ níbẹ̀.”

Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo wá sọ ìyókù fún un, bí mo ti sọ ọ́ fún ẹ̀yin náà. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn mọ́sálásí, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ó ní owó kòkó ni òun fi gba pásípọ́ọ̀tù ọmọ náà. Ó ní ọmọ náà ti ń kọ́ èdè wọn, ó ti mọ orúkọ gbogbo ọjọ́ inú ọ̀sẹ̀.

“Kí ni mo fẹ́ wí fún un, Ààfáà? Yóò ní èmi ni n kò fẹ́ kí òun lọ.”

Mo ní kí ó jẹ́ kí ọmọ náà fúnra rẹ̀ wá ohun tí àwọn tí ó ti lọ sọ, kí ó kà á sétí ìyá rẹ̀. Ó bẹ̀ mí pé kí n kọ orúkọ ibẹ̀ fún òun kí òun má baà ṣì í pè. Mo ya ìwé kékeré kan, mo kọ Alabuga sí i gàdàgbà. Ó ká a, ó fi sínú fìlà rẹ̀, ó sì ké sí ọlọ́kadà tí yóò gbé e padà sí Ìkàrẹ́.